Ẹ Má Tíì Tan Án: Bí A Ṣe Ń Ra Kọ̀ǹpútà Ilé àti Ẹ̀rọ Géèmù Àtijọ́, Tí A Sì Ń Tún Un Ṣe

Ẹ ti rà á, ó sì ti dé. Ó wà lórí tábìlì níwájú yín: Commodore 64 aláwọ̀ ilẹ̀, eruku ti bò ó, àdápítọ̀ rẹ̀ tó wúwo bíi bíríkì wà nínú páálí kan náà. Ọwọ́ ń yún yín láti kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, kẹ́ ẹ mọ̀ bóyá ẹ̀mí ṣì wà nínú rẹ̀. Ẹ fọwọ́ wọ́nú. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ níbí, orí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló dúró lé: ẹ̀rọ tó ti pẹ́ nílẹ̀, ìkánjú ẹni tó rà á ló sábà máa ń pa á, kì í ṣe ọjọ́ orí rẹ̀.

Èmi náà ti pa ọ̀kan rí. Ọwọ́ ẹnì kan tó ní dáadáa ló ń ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ tóun gbé e sí àjà ni mo ti ra kọ̀ǹpútà náà. N kò yẹ àdápítọ̀ rẹ̀ wò. Mo kì í bọ iná, lẹ́tà yọ lójú tẹlifíṣàn, inú mi dùn. Kò tó ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá tí gbogbo rẹ̀ fi ṣókùnkùn. Ìgbà tí mo wá gbé mítà lé ẹnu wáyà àdápítọ̀ yẹn, ibi tó yẹ kí n ti bá 5 fóòtì (volt, ìwọ̀n agbára iná), ó lé ní 8 tí mo bá. IC (ẹ̀yà dúdú kékeré ẹlẹ́sẹ̀ irin tó ń ṣe iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà) mẹ́rin ló ti kú nínú rẹ̀. Ó dùn mí dọ́kàn, nítorí ìṣẹ́jú méjì péré ni mítà ì bá gbà lọ́wọ́ mi.

Ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ ń wá

Lọ́dún 1976 ni Fairchild Channel F jáde. Jerry Lawson, ẹnjiníà adúláwọ̀ ọmọ Amẹ́ríkà, ló ṣíwájú àwọn tó ṣe é, òun sì ni ẹ̀rọ ilé àkọ́kọ́ tí géèmù fúnra rẹ̀ wà nínú IC inú kátíríìjì, téèyàn lè yọ ọ̀kan kó sì ki òmíràn bọ̀ ọ́. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, Apple II, Commodore PET, TRS-80 àti Atari 2600 jáde nínú ọdún kan náà. Látìgbà yẹn títí di nǹkan bí ọdún 2000, oríṣiríṣi tó jáde pọ̀ débi pé kò sílé tó lè gbà wọ́n tán. Ẹni tó bá ní gbogbo rẹ̀ lòun fẹ́ kó jọ, páálí tí kò ráyè ṣí ni yóò kún yàrá rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ yan ọ̀nà kan. Àwọn kan ń tọ ilé iṣẹ́ kan ṣoṣo. Àwọn kan ń tọ sáà kan, bí àpẹẹrẹ kọ̀ǹpútà ọlọ́pọlọ mẹ́jọ-bíìtì ọdún 1980 sí 1990. Àwọn mìíràn sì wà tó jẹ́ ohun tí wọ́n fọwọ́ kàn lọ́mọdé nìkan ni wọ́n ń wá. Mo fara mọ́ ti ìkẹyìn yìí jù, nítorí pé bí iṣẹ́ bá le, tí ẹ̀rọ náà kọ̀ tí kò dáhùn fún oṣù méjì, ìfẹ́ tó wà láàárín ẹ̀yin àti òun ni yóò mú kẹ́ ẹ padà sídìí rẹ̀.

Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, Commodore 64 tàbí ZX Spectrum (ọdún 1982 làwọn méjèèjì), NES tó jẹ́ ti Nintendo, Mega Drive àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti Sega, tàbí Game Boy ọdún 1989 ni kó fi ṣe iṣẹ́ àkọ́ṣe. Àwòrán bí iná ṣe ń rìn nínú wọn wà lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ṣì ń ṣe ẹ̀yà ara tuntun fún wọn, ẹgbàágbèje èèyàn ló sì ti pàdé irú ìṣòro tẹ́ ẹ máa pàdé. Bẹ́ ẹ kò bá tíì di áyọ́ọ̀nù tí wọ́n fi ń jó òjé mú rí, ẹ má fi Game Gear bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀rọ tó dára ni, mo fẹ́ràn rẹ̀, àmọ́ àwọn kapásítọ̀ (ẹ̀yà tó ń gba iná díẹ̀ pamọ́) kéékèèké inú rẹ̀ ti máa ń jò báyìí, ẹ ó sì ní láti pààrọ̀ gbogbo wọn kó tó tàn dáadáa kó sì dún. Bákan náà ni kọ̀ǹpútà Amiga 600, 1200 àti 4000, tí gbogbo wọn jáde lọ́dún 1992.

Rírà

Ẹ ó máa gbọ́ ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu àwọn tó ń tà: “N kò tíì dán an wò.” Ó lè jẹ́ òótọ́. Àmọ́ iye tẹ́ ẹ ó fi ra ohun tó ti bàjẹ́ ni kẹ́ ẹ san. Bó bá wá ṣiṣẹ́, èrè ni.

Bí ẹ kò bá lè fojú ara yín rí i, ẹ ní kó ya àwòrán ìdí rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí wọ́n ti ń ki wáyà bọ̀ ọ́, àti inú ilé bátìrì rẹ̀. Ilé bátìrì ló máa ń tú àṣírí. Game Boy tí ìta rẹ̀ ń dán gbinrin lè ní ìyẹ̀fun funfun àti ìdọ̀tí aláwọ̀ ewé lára irin bátìrì. Ohun tó jò yẹn lè ti wọ inú wáyà dé orí bọ́ọ̀dù, ìyẹn pátákó tí àwọn IC jókòó lé. Bẹ́ ẹ bá wà níwájú rẹ̀, ẹ gbé e, ẹ rọra mì ín. Bí nǹkan bá ń ró nínú rẹ̀, síkúrúù tó já ni tàbí ike tó ṣẹ́, irin tó ń yí kiri sì lè pa iná pọ̀ lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ wo àwọn síkúrúù ìdí rẹ̀: bí orí wọn bá ti họ, ẹnì kan ti ṣí i rí, ẹ béèrè ohun tó wá síbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ orílẹ̀-èdè tó ti wá náà ṣe pàtàkì. Àwọn ẹ̀rọ Amẹ́ríkà àti Japan ń ya àwòrán nígbà 60 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan (NTSC), ti Yúróòpù sì jẹ́ 50 (PAL). Géèmù tí wọ́n kọ fún 60 tí wọn kò tún un kọ fún 50 yóò fi ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀ sí i. Orin rẹ̀ pàápàá yóò máa wọ́ ẹsẹ̀. Ohun tó tún burú jù ni iná. 100 fóòtì ni iná ilé ní Japan, 120 ni ti Amẹ́ríkà, bẹ́ẹ̀ 220 sí 240 ni ti ọ̀pọ̀ ilẹ̀ yòókù. Àdápítọ̀ Japan tẹ́ ẹ bá kì bọ 240, ìṣẹ́jú mélòó kan ló máa lò láyé.

Ní ti kátíríìjì, ayédèrú pọ̀, pàápàá àwọn Pokémon orí Game Boy Advance. Ẹ dojú rẹ̀ kọ iná, kẹ́ ẹ wo ara bébà tó wà lójú rẹ̀: lára ojúlówó, nọ́ńbà kékeré kan wà tí wọ́n tẹ̀ wọnú bébà náà, tẹ́ ẹ kò lè rí àfi bí iná bá gba ẹ̀gbẹ́ kọjá lórí rẹ̀. Ẹ yí i, kẹ́ ẹ wo òkè àwọn eyín wúrà tó wà lẹ́nu bọ́ọ̀dù inú rẹ̀. Ó yẹ kẹ́ ẹ rí orúkọ Nintendo níbẹ̀. Bí ọ̀kan nínú àmì méjèèjì kò bá sí, ẹ má tíì sanwó.

Irinṣẹ́

Kò pọ̀. Mítà tó ń wọn fóòtì ni àkọ́kọ́, kò sì pọn dandan kó jẹ́ olówó ńlá. Súkúrúdíráfà olórí àgbélébùú, èyí tí wọ́n ń pè ní Gamebit, ti 3.8 mílímítà fún kátíríìjì Nintendo àti Sega, ti 4.5 fún àwọn kan nínú àwọn ẹ̀rọ fúnra wọn, àti ti ẹlẹ́nu mẹ́ta fún Game Boy. Isopropyl alcohol tó tó 99%, ọ̀wú tí wọ́n fi ń nu etí, bọ́rọ́ọ̀ṣì rírọ̀. Áyọ́ọ̀nù òjé tẹ́ ẹ lè fi ọwọ́ yí bó ṣe ń gbóná tó, òjé, fílọ́ọ̀sì (oje tó ń mú kí òjé ṣàn dáadáa), àti wáyà bàbà híhun tí wọ́n fi ń fa òjé kúrò. Fóònù yín fún àwòrán. Ìwé àti bírò.

Ẹ ṣí i kẹ́ ẹ tó kì í bọ iná

Ẹ ya àwòrán ní gbogbo ìgbésẹ̀. Síkúrúù tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ kó o sínú abọ́ kékeré, kẹ́ ẹ kọ ibi tó ti wá sí i lára. Gígùn wọn kì í dọ́gba. Èyí tó gùn tẹ́ ẹ bá dè síbi kúkúrú lè gún ike yọ sí òdìkejì.

Bó bá jẹ́ ZX Spectrum, kò gbọdọ̀ jẹ́ pé ẹ ṣí ìdérí rẹ̀ gbàgà. Okùn pẹlẹbẹ méjì ló so kíbọ́ọ̀dù òkè mọ́ bọ́ọ̀dù ìsàlẹ̀, wọ́n sì ti gbẹ bí ewé àgbàdo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ẹ gbé ìdérí náà sókè díẹ̀, kẹ́ ẹ di okùn yẹn mú lẹ́bàá ẹnu ibi tó wọ̀ sí, kẹ́ ẹ fà á sókè gbọọrọ láìtẹ̀ ẹ́. Bó bá já náà, ẹ má banú jẹ́. Kíbọ́ọ̀dù inú rẹ̀ tuntun wà lọ́jà.

Kẹ́ ẹ tó fi ojú wò, ẹ fi imú gbọ́ ọ. Kapásítọ̀ tó ti jò máa ń rùn bí ẹja. Lẹ́yìn náà ni kẹ́ ẹ wá wá àwọn ọ̀tá mẹ́ta yìí kiri.

Bátìrì ni olórí wọn. Àwọn kọ̀ǹpútà tó mọ aago ní bátìrì kékeré kan tí wọ́n jó mọ́ orí bọ́ọ̀dù: ẹ ó bá a nínú Amiga 2000, nínú àfikún ìrántí A501 tó máa ń wà lábẹ́ Amiga 500, àti nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà IBM alájọjọ. Ẹ gé e kúrò lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣí ẹ̀rọ náà, ìbáà jẹ́ pé kò tíì jò. Kọ̀ǹpútà yóò kàn gbàgbé aago ni. Xbox ọdún 2001 náà ní kapásítọ̀ aago kan tó ń ṣe irú iṣẹ́ ibi yìí, àfi ẹ̀yà 1.6 tó jẹ́ ìkẹyìn. Ẹ yọ ọ́ dànù.

Èkejì ni kapásítọ̀ oníbébà inú ẹ̀rọ tí àdápítọ̀ rẹ̀ wà nínú, bíi BBC Micro àti Apple IIe. Ara rẹ̀ dà bí oyin tó dì, ẹ sì lè rí inú rẹ̀. Bí ojú rẹ̀ bá ti sán bí ilẹ̀ amọ̀ tó gbẹ, ọ̀rinrin ti wọlé. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá tàn án yóò bú, èéfín tó nípọn yóò kún yàrá. Ó sábà máa ń jẹ́ pé ẹ̀rọ náà kò bá a lọ, ṣùgbọ́n òórùn yẹn kì í kúrò bọ̀rọ̀. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ṣáájú. Ó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ pé iná gidi máa ń kù sínú irú àdápítọ̀ inú bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti yọ ọ́ kúrò ní sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ẹ kò bá mọ bí wọ́n ṣe ń tú iná yẹn dànù, ẹ gbé e fún ẹni tó mọ̀ ọ́n. Ní ti tẹlifíṣàn àtijọ́ ọlọ́pọ́n gíláàsì, ẹ má ṣí i rárá. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì ló ń gbé inú rẹ̀, ó sì lè paniyan.

Ẹ̀kẹta ni kapásítọ̀ kéékèèké tó ń jò lórí bọ́ọ̀dù. Ẹ wo ìdí wọn: bí òjé tó wà níbẹ̀ kò bá dán mọ́ tó wá dà bí eérú, ó ti ń jò.

Jẹ́ kí n sọ bí mo ṣe ń fọ ibi tí bátìrì ti jò, nítorí ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣe kánkán. Ìbọ̀wọ́ rọ́bà lọ́wọ́, ojú wà lábẹ́ gíláàsì. Mo ti gé bátìrì náà. Mo wá fi bọ́rọ́ọ̀ṣì eyín tó ti gbó gbá ìpáàrà aláwọ̀ ewé náà kúrò ní gbígbẹ, kí n má baà fi omi tàn án káàkiri. Lẹ́yìn náà ni mo ti ọ̀wú bọ fínígà funfun, mo sì ń tọ́ ọ sí ibẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Yóò hó wàìwàì. Kíkan ni fínígà, nǹkan tó jáde nínú bátìrì sì jẹ́ òdìkejì rẹ̀. Àwọn méjèèjì ń pa ara wọn kú ni ẹ ń gbọ́ yẹn. Mo máa ń dúró títí yóò fi dákẹ́. Lẹ́yìn náà ni omi tí wọ́n ti sè yọ iyọ̀ rẹ̀, irú tí wọ́n ń dà sí bátìrì ọkọ̀, mo fi ṣan fínígà kúrò. Isopropyl alcohol tẹ̀ lé e láti lé omi. Mo sì gbé e síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ di ọjọ́ kejì. Ìgbà yẹn ni mo ń fi mítà tọ ipa wáyà kọ̀ọ̀kan, láti orí dé ìdí, kí n mọ èyí tí oró náà ti jẹ já. Èyí tó bá já, mo fi wáyà tín-ínrín so ó pọ̀.

Iná: àdápítọ̀ lẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò

Àdápítọ̀ Commodore 64 ń mú 5 fóòtì DC (iná tó ń lọ sí apá kan ṣoṣo) àti 9 fóòtì AC (iná tó ń lọ tó ń bọ̀) jáde. Wọ́n rọ oje líle kún inú rẹ̀, ooru kò ríbi jáde, ohun tó ń so 5 fóòtì yẹn mọ́lẹ̀ á sì bàjẹ́ níkẹyìn. Bó bá bàjẹ́, kì í kú pátápátá. Ńṣe ni fóòtì máa ń ròkè, àwọn IC ìrántí ló sì máa ń jìyà rẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n láìso ó mọ́ kọ̀ǹpútà. Bó bá ti kọjá 5.25, ẹ gbé e jù nù. Bó bá dọ́gba lónìí, kò ní kó má bàjẹ́ lọ́la, nítorí náà èmi kò lo ti àtijọ́ mọ́ rárá. Mo fi tuntun rọ́pò rẹ̀, mo sì tọ́jú ti àtijọ́ sínú páálí fún ẹwà.

Fún àwọn yòókù, ẹ má fi ojú mọ àdápítọ̀ nípa bí ẹnu rẹ̀ ṣe rí. Ti NES àkọ́kọ́ jẹ́ 9 fóòtì AC. Ti Mega Drive àkọ́kọ́ jẹ́ 9 fóòtì DC, tí nẹ́gétíìfù wà láàárín. Ẹnu méjèèjì bá ara wọn mu rẹ́gí. NES lè gba ti Mega Drive láìsí wàhálà, nítorí ohun tó ń yí AC padà sí DC wà nínú rẹ̀. Mega Drive kò lè gba ti NES; yóò bà á jẹ́. ZX Spectrum náà, 9 fóòtì DC ni, nẹ́gétíìfù láàárín, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ àdápítọ̀ òde òní ló fi pósítíìfù sáàárín. Ẹ kọ orúkọ ẹ̀rọ mọ́ ara àdápítọ̀ kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú íńkì tí kì í pa rẹ́.

Ó wá di pé kẹ́ ẹ tàn án

Ẹ má so nǹkan kan mọ́ ọn: kò sí páàdì, kò sí kátíríìjì, kò sí díìsì. Tẹlifíṣàn nìkan. Ẹ tàn án, kẹ́ ẹ máa ka ìṣẹ́jú àáyá, kẹ́ ẹ sì gbé ẹ̀yìn ìka sún mọ́ àwọn IC. Ó wà lára àwọn kan kí wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́. Èyí tó bá ń jó ìka láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá, ó ṣeé ṣe kó ti kú. Ẹ pa á.

Bó bá jẹ́ Commodore 64, tí ojú tẹlifíṣàn dúdú kírí, IC tí wọ́n ń pè ní PLA ni ẹ kọ́kọ́ fura sí, lẹ́yìn náà àwọn IC ìrántí mẹ́jọ. Kátíríìjì kan wà tí wọ́n ń pè ní Dead Test, tó lè ṣiṣẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ kò lè jí. Bí ìrántí bá ti bàjẹ́, ojú tẹlifíṣàn yóò máa ṣẹ́jú, iye ìgbà tó bá ṣẹ́jú ni yóò sì tọ́ka IC tó kú. Èyí ni irinṣẹ́ tí mo lè sọ pé kò sẹ́ni tó yẹ kó ṣí Commodore 64 láìní in.

ZX Spectrum ní tirẹ̀ máa ń fi ìlà aláwọ̀ oríṣiríṣi hàn kó sì dúró síbẹ̀. Àwọn IC ìrántí 4116 inú rẹ̀ ń jẹ irú iná mẹ́ta: ẹ wọn ẹsẹ̀ 1, ó yẹ kẹ́ ẹ bá −5 fóòtì, ẹsẹ̀ 8, 12, ẹsẹ̀ 9, 5. Bí −5 tàbí 12 bá sọnù, tíránsísítọ̀ tí wọ́n kọ TR4 sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló sábà máa ń fà á. Ohun tó sì sábà máa ń pa TR4 ni kéèyàn fa nǹkan yọ lẹ́yìn kọ̀ǹpútà náà, tàbí kó kì í bọ̀ ọ́, nígbà tí iná wà lórí rẹ̀. Ẹ má dán an wò láé.

NES tí iná pupa rẹ̀ ń tàn tó ń kú, tó ń tàn tó ń kú, kò ní àrùn ńlá kankan lọ́pọ̀ ìgbà. IC ìdènà kan wà nínú rẹ̀ tó ń bá irú rẹ̀ tó wà nínú kátíríìjì sọ̀rọ̀. Bí ìdọ̀tí bá dí ọ̀rọ̀ wọn lọ́wọ́, ṣe ni yóò máa tún ẹ̀rọ náà dá láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ọ̀wú tó mu isopropyl alcohol nu eyín kátíríìjì náà títí ọ̀wú kò fi ní dúdú mọ́. Bí kò bá tíì ṣe, ẹ yọ ẹnu ẹlẹ́sẹ̀ 72 tó ń gba kátíríìjì, ẹ sè é nínú omi fún ìṣẹ́jú mélòó kan, kẹ́ ẹ jẹ́ kó gbẹ dénú dénú kẹ́ ẹ tó dá a padà. Mo fẹ́ràn èyí ju kéèyàn ra tuntun lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú àwọn tuntun máa ń di kátíríìjì mú bí ẹni pé wọn kò ní fi í sílẹ̀ mọ́. Àṣà kí a máa fẹnu fẹ́ atẹ́gùn sí kátíríìjì, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jáwọ́ nínú rẹ̀. Itọ́ lẹ ń fẹ́ síbẹ̀, irin rẹ̀ á sì dógùn-ún.

Pípààrọ̀ kapásítọ̀

Àwọn kan ní kéèyàn pààrọ̀ gbogbo kapásítọ̀ nínú gbogbo ẹ̀rọ àtijọ́. N kò gbà. Bí bọ́ọ̀dù bá gbẹ, tí fóòtì dọ́gba, tí àwòrán mọ́, áyọ́ọ̀nù yín lè ba ohun tí ọjọ́ orí kò bà jẹ́ jẹ́. Ibi tí jíjò bá ti hàn, tàbí ẹ̀rọ táyé mọ̀ sí i, bíi Game Gear àti Amiga 1200, ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti pààrọ̀ gbogbo rẹ̀.

Ọ̀kọ̀ọ̀kan ni kẹ́ ẹ máa ṣe é. Ẹ wo ibi tí nẹ́gétíìfù kọjú sí, ẹ ya á ní fọ́tò, ẹ tó yọ ọ́. Iye microfarad (ìwọ̀n iná tí kapásítọ̀ lè gbà) tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Fóòtì rẹ̀ lè ju ti àtijọ́ lọ, kò gbọdọ̀ dín. Ẹ gbé áyọ́ọ̀nù sí nǹkan bíi 350°C. Òjé àtijọ́ kì í fẹ́ yọ́. Ohun tí yóò mú un yọ́ ni pé kẹ́ ẹ fi fílọ́ọ̀sì sí i, kẹ́ ẹ fi òjé tuntun díẹ̀ kún un, kí méjèèjì jọ yọ́ pọ̀. Bẹ́ ẹ bá rí i tó ń dán bíi dígí lábẹ́ áyọ́ọ̀nù, ìgbà yẹn ló tó gbà kẹ́ ẹ rọra gbé kapásítọ̀ náà. Bó bá ṣì ń fà mọ́lẹ̀, kò tíì yọ́ tán. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́: ẹ má fipá fà á, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ bàbà tó wà lábẹ́ rẹ̀ yóò ṣí tẹ̀ lé e.

Bátìrì tó ń tọ́jú ibi téèyàn dé nínú géèmù wà nínú ọ̀pọ̀ kátíríìjì, òun náà ń kú. Bó bá ti kú tán, ìtàn yẹn ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, bó bá jẹ́ kátíríìjì tí ọmọ kan fi ọdún mẹ́ta ṣe, ẹ fi ẹ̀rọ tó ń ka kátíríìjì da ohun tó wà nínú rẹ̀ kọ sórí kọ̀ǹpútà òde òní kẹ́ ẹ tó yọ bátìrì. Irú bátìrì tó ti ní ẹsẹ̀ irin lára ni kẹ́ ẹ rà. Ẹ má gbé áyọ́ọ̀nù lé orí bátìrì lásán. Ó lè bú.

Ìfọ̀ àti àwọ̀

Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ àti ọṣẹ rírọ̀ tó fún ike, bọ́tìnnì kíbọ́ọ̀dù náà sì wà níbẹ̀. Ẹ ya àwòrán kíbọ́ọ̀dù kẹ́ ẹ tó tú u. Ẹ má jẹ́ kí acetone kàn án, yóò yọ́ ike náà.

Ike funfun ayé ìgbà yẹn máa ń pọ́n rúsúrúsú. Èròjà bromine tí wọ́n fi sí i kó má baà yára gbiná ni wọ́n máa ń dá lẹ́bi, pẹ̀lú oòrùn àti ooru. Hydrogen peroxide oníkíríìmù, irú tí wọ́n fi ń pa irun láró, tẹ́ ẹ bá kùn ún tẹ́ ẹ fi ike tó mọ́ gaara wé e, tẹ́ ẹ wá gbé e sínú oòrùn fún wákàtí mélòó kan, yóò mú un funfun padà. Ẹ máa yí i, ẹ má jẹ́ kíríìmù náà gbẹ, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò yọ àbàwọ́n. Ẹ wọ ìbọ̀wọ́, ẹ dáàbò bo ojú. Àmọ́ pípọ́n náà sábà máa ń padà wá, ìbáà jẹ́ nínú àpótí tó ṣókùnkùn, nítorí náà èmi kì í ṣe é àfi bí apá kan ẹ̀rọ bá pọ́n tí apá kejì kò pọ́n.

Tẹlifíṣàn àti díìsì

Tẹlifíṣàn pẹlẹbẹ máa ń ka àwòrán àtijọ́ ní àkàṣì. Bẹ́ ẹ bá ní ọlọ́pọ́n gíláàsì tó ṣì dára, òun ló dára jù; ìbọn NES pàápàá kò lè ṣiṣẹ́ lórí òmíràn. Bí kò bá sí, ẹ wá ọ̀nà mú RGB (àwòrán tí àwọ̀ pupa, ewé àti búlúù rẹ̀ wà lọ́tọ̀ọ̀tọ̀) jáde nínú ẹ̀rọ náà, kẹ́ ẹ sì gba inú OSSC tàbí RetroTINK, àwọn àpótí tó ń sọ àwòrán àtijọ́ di èyí tí tẹlifíṣàn òde òní lè kà, kọjá lọ sí tẹlifíṣàn òde òní.

Ní ti díìsì (floppy), ẹ wo ojú rẹ̀ nínú iná kẹ́ ẹ tó kì í bọ ẹ̀rọ. Bí olú bá ti hù sí i, tí ẹ rí àmì roboto tó ṣú, yóò ba orí tó ń kà á jẹ́, orí yẹn yóò sì máa ha gbogbo díìsì tó bá tún wọlé. Ẹ da èyí tó dára kọ kíákíá. Bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n ń pè ní Greaseweazle lè ka díìsì Amiga àti ti ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà òde òní. Lẹ́yìn ìyẹn, Gotek, tó ń lo ìrántí USB, lè jókòó sí ipò ẹ̀rọ díìsì, SD2IEC, tó ń lo káàdì SD, sì wà fún Commodore 64, kí díìsì gidi lè sinmi.

Ìtọ́jú

Ẹ yọ bátìrì kúrò nínú ohun tí ẹ kò bá lò. Ẹ gbé wọn jìnnà sí fèrèsé àti sí ilẹ̀ ọ̀rinrin, kẹ́ ẹ fi àpò silica gel sínú páálí wọn. Ẹ máa tàn wọ́n lẹ́ẹ̀kan lóṣù mélòó kan. Gbogbo ẹ̀yà tẹ́ ẹ bá yọ, bó tilẹ̀ ti bàjẹ́, ẹ dì í pọ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ni ín.

Kí n tó dé ìdérí padà, mo máa ń lẹ bébà kékeré kan mọ́ inú rẹ̀: ọjọ́ tí mo ṣí i, ohun tí mo pààrọ̀, fóòtì tí mo bá níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ ẹnì kan tí n kò mọ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Mo ṣí kọ̀ǹpútà kékeré kan lọ́jọ́ kan, mo sì bá ìwé pẹ́ńsù lára ike inú rẹ̀, lẹ́tà rẹ̀ tó bíi orí èèrà: tíránsísítọ̀ tuntun, 1987. Mo wọ̀n tíránsísítọ̀ yẹn. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́. Mo kọ ọjọ́ tèmi sábẹ́ tirẹ̀, mo sì dé e.